Ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ṣeré: èsì fún oníṣẹ́ àdìrẹ kan l'Abẹ́òkúta

Ìbéèrè yìí wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe àdìrẹ, ìdí aró ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n ti mú mi fún rẹ́sídẹ́ńsì ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá, ilé tí wọ́n ń gba oníṣẹ́ ọnà sí fúngbà díẹ̀ kó lè ráyè ṣiṣẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibi iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àmọ́ nínú lẹ́tà wọn, wọ́n ní àwọn ò retí iṣẹ́ tó parí, wọ́n ní ká wá ṣeré, ká jẹ́ kí ojú inú wa rìn. Ìyá mi ní ṣé torí eré ni màá ṣe ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi gan-an ò mọ èsì. Kí leré fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti mọṣẹ́? Kí ni mo lè ṣe tí mi ò fi ní padà wálé lọ́wọ́ òfo?"

Àbúrò mi, kú oríire o. Kọ́kọ́ bá mi kí màmá, má sì bá wọn jiyàn, torí ìbéèrè wọn yẹn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ẹni tó ti ń rẹ aṣọ láró láti kékeré mọ iye tí ọjọ́ mẹ́rìnlá jẹ́ lọ́jà. Mi ò ní tàn ẹ́ pé eré á san owó ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ó jọ pé àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kéré fún iṣẹ́ ńlá, bó o ṣe fẹ́ pín in ná, ó kéré. Ohun tó tó o ṣe ni kó o mú ọwọ́ tuntun bọ̀ wálé. Ọwọ́ tuntun ọ̀hún ò sì jẹ́ wá bá ẹni tó ń sáré kó parí iṣẹ́, ẹni tó ń ṣeré ló máa ń yà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ojú ara mi ni mo fi rí i o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ irú ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlú olótùútù kan lókè òkun, mo ti ya gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe sínú ìwé kí n tó kúrò nílé, àwòrán méjìlá, mo ka ọjọ́, mo pín wọn, ọjọ́ kan àbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha àwòrán sára páànù, kí n fi íńkì kùn ún, kí n nù ún, kí n wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Mo ṣe méjèèjìlá pé. Mi ò jáde, mi ò kì í bá àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ jẹun tán kí n tó sá padà sídìí iṣẹ́, obìnrin kan láti Bràsílì máa ń wá kan ilẹ̀kùn mi lálaalẹ́ pé ká lọ rìn díẹ̀, èmi á ní ó dọ̀la. Ìgbà tí mo tú àwọn àwòrán yẹn nílé, ọkọ mi wò wọ́n títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe àwọn tó o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà nìyí?" Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Òótọ́ ló sọ. Mo wọ bàálù lọ ṣe ohun tí mi ò bá ti jókòó sí yàrá mi ṣe, mo wá fi otútù kún un.

Ẹ̀ẹ̀kejì, nílé níbí ni, ilé kan létí igbó, ọjọ́ mẹ́wàá péré. Páànù mi wà nínú mọ́tò tó ń kó ẹrù wa bọ̀, mọ́tò bá bàjẹ́ sọ́nà, ọjọ́ kẹfà ni ẹrù tó dé. Ọjọ́ kìíní mo bínú. Ọjọ́ kejì mo bínú. Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo jókòó sí kíṣìnì lọ́dọ̀ ìyá tó ń dáná fún wa, páálí jùúsì kan wà lórí tábìlì, mo là á, inú ẹ̀ ń dán bíi fàdákà, mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn mo kàn ń ha á kí ọwọ́ má ṣáà dilẹ̀. Ewúrẹ́ wọn ni mo yà, ewúrẹ́ tó ń jẹ fọ́ọ̀mù tá a buwọ́ lù lọ́jọ́ tá a dé (lóòótọ́ ló jẹ ọ̀kan o, tèmi ni). Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo fi íńkì kùn ún, mo fi àkísà nù ún, kò sí ẹ̀rọ tí màá fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ṣíbí onígi ni mo fi ń ra pépà yẹn lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi òróró ra ọmọ. Ìgbà tí mo ṣí i, ibi tí páálí ti ká tẹ́lẹ̀ ti fa ìlà gbọọrọ kan gba ìkùn ewúrẹ́ kọjá bí ẹni pé ojú ọ̀nà ni, dúdú ẹ̀ sì rọ̀, kò le bíi ti páànù. Ogún ọdún tí mo ti ń tẹ àwòrán, mi ò rí irú dúdú yẹn lọ́wọ́ ara mi rí. Kí mọ́tò tó dé mo ti ha páálí mọ́kànlélógún, gbogbo ilé ń bá mi mu jùúsì, àwọn kan ní inú ti ń run àwọn. Páànù yẹn, bí mo ṣe gbé e lọ ni mo ṣe gbé e bọ̀.

Kì í ṣe mọ́tò tó bàjẹ́ ló ṣe é o. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí àwọn èèyàn fẹ́ràn ìtàn kí nǹkan bàjẹ́ kí ire tibẹ̀ jáde. Mọ́tò bàjẹ́ fún àwọn mẹ́rin yòókù náà, wọ́n jókòó wọ́n ń retí ẹrù ni. Ohun tó ṣe é ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa fi díwọ̀n mi, tó bá burú, páálí jùúsì ni, àkìtàn ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tó bá ti mọṣẹ́ máa ń bẹ̀rù ju ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ lọ. Ó mọ èyí tí kọ́sítọ́mà ń rà, ó mọ èyí tí kì í bàjẹ́, ibẹ̀ náà ló sì máa ń lọ ṣáá. Ìwọ tó o bá mú fóòmù tó o ti gé, tó o tì í bọ àbẹ́là yíyọ́, mo mọ̀ pé o lè máa tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ kó o tún máa bá èèyàn ná ọjà lórí fóònù, ọwọ́ ò ní ṣì. Ìyẹn dáa fún ọjà. Ojú inú ń sùn nídìí ẹ̀ ni ṣá.

Màmá gbọ́ "eré", wọ́n rò ó sí ti ọmọdé tó ń da yẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà la kúkú fi ń pe ti eégún aláré, ẹni tó ń di òjòlá, tó ń di ọ̀nì lójú agbo, tí àwọn àgbàlagbà ń nawó fún. Ta ló máa sọ pé ìyẹn ò mọṣẹ́? Wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà, ti àwọn ará Kétu, ojú èèyàn tó parọ́rọ́ ló máa ń wà nísàlẹ̀ igi, lókè orí níbẹ̀ ni agbẹ́gilére ti ń dárà, ó lè gbé alùpùpù síbẹ̀, ó lè gbé ọkọ̀ òfurufú síbẹ̀, ejò àtẹyẹ tó ń jà, ohun tó bá ṣáà wù ú, aráyé á dé wọ́n á ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Irú eré tí mò ń sọ nìyẹn. Ó lófin bí ayò ṣe lófin. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, o ò lè mú ọmọ wá látilé. Inú ibi tó há yẹn ni ọ̀ta ti ń pa ọ̀pẹ̀.

Tó o bá fẹ́ fi ohun tí màmá mọ̀ dá wọn lóhùn, àdìrẹ fúnra ẹ̀ ni kó o mú. Àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n nílé yín. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n yà síbẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, láàárín òpó sí òpó wọ́n wá ya ṣíbí sí i. Ṣíbí! Kí ni ṣíbí ń wá láàárín òpó ìjọba? Obìnrin kan ló jókòó pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́, ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró mu aṣọ wà nínú abọ́ níwájú ẹ̀, ó wo òpó, ó wo àlàfo tó wà láàárín ẹ̀, ojú inú ẹ̀ bá ju ṣíbí síbẹ̀. Kò sí kọ́sítọ́mà tó bẹ̀ ẹ́ ní ṣíbí, mo lè búra. Ti Abẹ́òkúta yín ńkọ́, àwọn tí kì í fi ìyẹ́ yà á, tó jẹ́ páànù ni wọ́n ń gé ihò sí kí wọ́n tó fa ẹ̀kọ gbà á kọjá? Páànù tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tí wọ́n ń kó wọ̀lú nígbà yẹn wà nínú èyí tí wọ́n gé. Ẹni àkọ́kọ́ tó wo inú àpótí tíì tó rí àdìrẹ níbẹ̀, irú eré tí èmi bá páálí jùúsì ṣe lòun náà ṣe, òun ló tiẹ̀ ṣáájú mi.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Òṣogbo, torí mi ò mọ ibi tí ọjọ́ kúkúrú ti so èso tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ sọ ilé tó fi ń ta ọtí di ilé eré àti ọnà. Mbari lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà Ìbàdàn tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni, àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n yí i sí "Mbárí Mbáyọ̀", bí mo bá rí i, màá yọ̀. Orúkọ ibẹ̀ pàápàá, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ni. Denis Williams, ayàwòrán láti Guyana, ṣe wákíṣọ́ọ̀pù níbẹ̀ ní 1962 àti 1963, Georgina Beier, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣe tiẹ̀ ní 1964, ọjọ́ díẹ̀ péré. Wo àwọn tó wá: Jímọ̀ Bùráímọ̀, iná mànàmáná ló ń bá ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀ tọ́jú. Twins Seven Seven, ijó ló jó wọbẹ̀, ẹni tó ń polówó oògùn kiri ló ń bá jó tẹ́lẹ̀. Múráínà Oyèlámì, òṣèré, onílù. Kò sí èyí tó tíì lọ síléèwé iṣẹ́ ọnà nínú wọn nígbà yẹn. Wọn ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya imú kó jọ imú o, àyè ni wọ́n fún wọn, pẹ́ńtì, búrọ́ọ̀ṣì, kí kálukú máa wo ohun tó máa jáde. Ti Bùráímọ̀ ló máa ń wú mi lórí jù. Ó wo adé ọba onílẹ̀kẹ̀, ó wo àwòrán tó ń yà, ó ní kí ló dé tí ìlẹ̀kẹ̀ ò lè bọ́ sórí àwòrán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti jáde kárí ayé. Ká ní wọ́n ní kó parí àwòrán mẹ́wàá fún ìpàtẹ kó tó lọ, ìlẹ̀kẹ̀ wo? Àwọn kan tó kàwé bú wọn nígbà náà pé iṣẹ́ ọmọdé ni, wọ́n ṣì ń bú wọn níbòmíì dòní, ìyẹn ò kàn mí.

Àmọ́ apá kan wà tí àwọn èèyàn kì í sọ nínú ìtàn yẹn, òun gan-an ni ìdáhùn sí "ọwọ́ òfo" tó ò ń bẹ̀rù. Georgina ò kí wọn pé ó dàbọ̀ nígbà tí wákíṣọ́ọ̀pù parí. Ó dúró sí Òṣogbo, ó mú àwọn díẹ̀ tó rí ohun kan lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn níbi iṣẹ́, ó ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe lóṣù lẹ́yìn oṣù. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló fi irúgbìn hàn, oṣù tó tẹ̀ lé e ló hù ú. Bruce Onobrakpeya, tó ń tẹ àwòrán bíi tèmi, náà wà nínú àwọn tó lọ sí wákíṣọ́ọ̀pù Mbari ayé ìgbà yẹn, òun ló wá dá ti Harmattan sílẹ̀ l'Agbarha-Otor ní 1998, ìlú tiẹ̀ ní Delta. Ẹ wo ẹni tí eré wà lára ẹ̀: ní 1967 ásíìdì ba páànù iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́, kò jù ú nù, ó fi gáàmù tó le lẹ ibi tó bàjẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀nà iṣẹ́ tuntun ló jáde, ó sọ ọ́ ní plastograph, ọdún mélòó ló wá fi ṣe é lẹ́yìn náà. Ìṣẹ́jú kan ni gáàmù yẹn.

Ó dáa, kí ni kó o ṣe.

Má kó fóòmù rẹ lọ. Èyí á dùn ẹ́, mo mọ̀. Kó aṣọ funfun, kó àbẹ́là, kó aró, fi fóòmù sílé pátápátá, torí tó bá wà nínú báàgì, alẹ́ ọjọ́ kejì tí ẹ̀rù bá bà ẹ́ wàá mú un. Gé aṣọ sí kékeré, bíi ojú àwo oúnjẹ, ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó kéré kì í bani lẹ́rù. Kó o wá máa ṣòfin fún ara ẹ láràárọ̀, òfin kan péré: lónìí, ohun tó bá wà ní kíṣìnì nìkan ni màá fi tẹ àbẹ́là, lónìí, ọwọ́ òsì, lónìí, mi ò gbọdọ̀ wo aṣọ títí màá fi rẹ ẹ́ láró. Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n bá yí gbirigbiri lórí aṣọ, ìwọ lọ wò ó. Fóòkì tó ti tẹ̀. Ìgbálẹ̀ tuntun tí wọ́n ti àbẹ́là bọ̀, tí wọ́n wá gbọ̀n sára aṣọ. Púpọ̀ nínú ẹ̀ á burú, jẹ́ kó burú, má fọ̀ ọ́ dànù, kọ déètì sí i lẹ́yìn kó o kó o jọ.

Tí ojú inú ò bá rìn, pa àlọ́ fún un. Mi ò ṣàwàdà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé "òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò", ẹ̀wà lásán ló ń wò o! Ẹ̀wà tí gbogbo wa ń ṣà lórí atẹ, òun rí ojú dúdú kékeré yẹn, ó rí tìróò níbẹ̀. Jókòó láàárọ̀, mú ohun kan nínú yàrá yẹn, gíláàsì, bàtà, bọ́tìnnì iná, dá àlọ́ kan nípa ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pa rí, pa á fún àwọn tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ nígbà oúnjẹ. Ìdáhùn wọn tó bá ṣì ló máa ń dáa jù, òun ni kó o lọ yà.

Fóònù ńkọ́? Má gbé ohunkóhun sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tí mò ń gbà sílé mi fún ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin: ọmọ náà á ṣe ohun kan tó yàtọ̀ lọ́jọ́ kẹta, ojú ẹ̀ á máa dán, á ya á ní fọ́tò á gbé e síta, kó tó jẹun alẹ́ tán àwọn kan á ti bi í, "Èló ni? Ṣé ó wà ní pọ́pù?" Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ kẹrin títí tó fi lọ, ohun kan yẹn náà láá máa ṣe ní oríṣiríṣi kọ́lọ̀, torí wọ́n ti bi í ní èló. Ẹni tó bi í ò ṣe ibi, ọjà ló kàn dé kí eré tó tán.

Èyí tó kàn, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń kọ̀wé nípa nǹkan wọ̀nyí kì í rántí ẹ̀: ta ló ń dáná? Ilé kan wà ní New Hampshire l'Amẹ́ríkà, MacDowell, wọ́n ti ń gba oníṣẹ́ ọnà síbẹ̀ láti 1907, agbọ̀n oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń ṣiṣẹ́, wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ mo rò pé àṣejù ni. Ìgbà tí mo lọ ìkejì tèmi ni mo tó mọ̀. Obìnrin tí ò ní ronú kan ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, àyè kan wà lórí ẹ̀ tó máa ṣí tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá sọ fún ẹ níbẹ̀ pé kó o wá ran ẹni tó ń dáná lọ́wọ́ torí pé ìwọ lobìnrin, rẹ́rìn-ín, kó o padà sídìí aró rẹ. Lọ sí kíṣìnì tó bá wù ẹ́, bíi tèmi, àmọ́ kó jẹ́ pé ó wù ẹ́.

Kó o tó lọ, béèrè lọ́wọ́ wọn: ta ló ń san mọ́tò lọ àti bọ̀? Ta ló ni aṣọ tó o bá ṣe níbẹ̀? Ṣé wọ́n máa fún ẹ lówó kékeré kan tó máa dí àlàfo ṣọ́ọ̀bù? Tí o bá ní aṣọ ìyàwó tó o ti gba àsansílẹ̀ fún láàárín ọjọ́ yẹn, parí ẹ̀ kó o tó lọ tàbí kó o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, torí eré ò lè jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí gbèsè ń lé. Eré kì í sì í ṣe ìmẹ́lẹ́ o. Mo mọ àwọn tó lọ mu bíà fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní àwọn ń wá ìmísí.

Tó o bá padà dé, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti ṣọ́ra, torí ọjà á gbá ẹ mú lọ́jọ́ kejì. Mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, mo ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé Ọjọ́bọ̀, yan èyí tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, tú àwọn aṣọ kékeré yẹn sílẹ̀, máa bá wọn ṣe lọ. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù, àwọn àgbà ń fi í kìlọ̀ ni, èmi ń fi í ṣàdúrà fún ẹ. Jẹ́ kí màmá náà wò wọ́n. Àwọn ló máa kọ́kọ́ mọ èyí tó ní nǹkan nínú, wọ́n lè má sọ o, ṣáà máa wo èyí tí wọ́n bá gbé lẹ́ẹ̀mejì.

Kó o wá fi fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó burú jù ni mo fẹ́, má fi èyí tó dáa ránṣẹ́. Mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání pẹ̀lú, wọn kì í kọ ìyẹn sínú lẹ́tà.